Ẹ̀gbà Tí Ìyàwó Ń Bá Ọkọ Wọ̀

Bí fóònù bá ti dún ní ìdájí nílé Sàkáríyà ní Durumi nílùú Àbújá, kò sẹ́ni tí í béèrè ta ló ń pè. Nafisah ni. Ọmọ wọn obìnrin yìí ń tọ́jú àwọn arúgbó nílùú Lọ́ńdọ̀nù, bó bá sì ti ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, oorun bàbá rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí í wádìí.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé Dádì ti jí?"

"Wọ́n ti jí, ọmọ mi. Wọ́n ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilé."

"Mo ti rí i lórí fóònù mi. Dádì sùn gan-an! Wọ́n kàn jí díẹ̀ láàárín òru, bóyá wọ́n fẹ́ tọ̀ ni, wọ́n sì tún sùn padà. Kai! Ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn ń ṣiṣẹ́ o."

Ìdáyátù ìyàwó Sàkáríyà fa apá híjáàbù rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbà náà wà, kì í ṣe ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà láti alẹ́ àná, ibẹ̀ náà ló sì ti ń sùn láti ọjọ́ tó ti dé ilé yẹn.

Kẹ́tù àlùwàlá dún gbàà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó já bọ́ lọ́wọ́ Sàkáríyà ni. Ìdáyátù gbọ́ bó ṣe ṣà á, ó sì tún gbọ́ bó ṣe já bọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Mọ́mì, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Alihamudulilahi," ni Ìdáyátù dáhùn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má tíì bú obìnrin náà. Bí a bá ní ká tú ilé wò, ilé mélòó ni kò sí irú irọ́ yìí nínú rẹ̀? Ọmọ á pè láti òkèèrè, orí á máa fọ́ ìyá, ìyá á ní kò sí nǹkan kan. Bàbá ò ní jẹun láti àná, a ó ní ó ti yó. A ń pè é ní ìfẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ gbé Sàkáríyà dé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sàkáríyà, ìjókòó mọ́tò ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì ní Garki, awakọ̀ tó bá sì mọ iṣẹ́ dáadáa kì í gbé ìjókòó rẹ̀ lọ síbòmíràn. Òun àti àbúrò rẹ̀ Kàmọ́rù ni wọ́n jọ ń ṣe é. Sàkáríyà a gé awọ, Kàmọ́rù a rán an, wọn a sì máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, Sàkáríyà ní kí Kàmọ́rù máa lọ sílé ṣáájú, pé kó lọ bá òun wo àgbò sílẹ̀. Kàmọ́rù ò dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mọ́tò tó wọ̀ gbókìtì lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé dé ilé.

Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú Sàkáríyà. Yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, yóò máa wo ilẹ̀. Bí Ìdáyátù bá ní kó dùbúlẹ̀, á ní, "Èmi ni mo rán an níṣẹ́, Ìdáyá. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi rán an." Bí oorun bá sì wá gbé e lọ nígbà mìíràn, ẹ̀rù ló ń ba ìyàwó. Yóò máa hanrun bí ẹni tó ń fa igi nílẹ̀, lójijì ìhanrun á dá wáí, èémí ò ní jáde, èémí ò ní wọlé. Ìdáyátù á na ọwọ́ kó fi jí i. Kó tó kàn án lára, á ta gìrì, á máa mí gúlegúle bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò. Lọ́sàn-án, á máa tòògbé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nọ́ọ̀sì kan ní kílíníìkì àdúgbò wọn ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní ó ru sókè, ó ní kó lọ sí ọsibítù ńlá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Sàkáríyà ní òun á lọ.

"Ìgbà wo lẹ máa lọ, Bàbá Nafisah?" ni Ìdáyátù ń bi í.

"Bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ìrònú lásán ni. Ta ni kò ní ronú ikú àbúrò rẹ̀?"

Ni Ìdáyátù bá tú àṣírí fún Nafisah lórí fóònù. Ọmọ náà sunkún, ó ní kí bàbá òun lọ sí ọsibítù kíákíá. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló fi ẹ̀gbà kan rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Ẹ̀gbà dúdú ni, ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀ bí awọ. Bí èèyàn bá bọ̀ ọ́ sọ́wọ́, á máa gbọ̀n jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyá ń gbá ọmọ rọra lẹ́yìn kó lè sùn. Á tún máa sọ fún fóònù Nafisah bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe sùn sí.

"Kì í ṣe oògùn, Dádì," ni Nafisah wí. "Ó kàn máa ń jẹ́ kí ara fúyẹ́ ni. Ẹ ṣì máa lọ sí ọsibítù o."

Sàkáríyà yí ẹ̀gbà náà síwá sẹ́yìn nígbà tí ọmọ gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ̀gbà? Èmi Sàkáríyà ni kí n kó ẹ̀gbà sọ́wọ́ wọ mọ́ṣáláṣí? Ọkùnrin kì í wọ ẹ̀gbà nínú ẹ̀sìn wa."

"Ṣé ẹ ti bi Alfa Jàbárù mọ́ṣáláṣí wa ni?"

"Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n? Ohun tí mo mọ̀ ni."

"Ọmọ náà á máa wò ó lórí fóònù rẹ̀ o. Bí kò bá rí nǹkan kan, kí la máa sọ fún un?"

Sàkáríyà ronú díẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Ìdáyátù ò ti rí lójú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin Kàmọ́rù. "Ìwọ bá mi wọ̀ ọ́. Ṣebí tọkọtaya ni wá, orí ibùsùn kan náà la wà. Kí ọkàn ọmọ lè balẹ̀."

Nítorí ẹ̀rín yẹn ni Ìdáyátù fi gbà.

Òwú àti síìpù ni Ìdáyátù ń tà ní ọjà Wuse. Ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó délé. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ ẹ̀gbà náà, ó rọra ń gbá a lọ́wọ́, ó ń gbá a lọ́wọ́, oorun sì gbé e lọ fọnfọn. Ilẹ̀ mọ́, Nafisah pariwo ayọ̀ lórí fóònù. Ta ni yóò wá gba ayọ̀ yẹn lẹ́nu ọmọ? Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ kan ni Nafisah wá sọ pé, "Bí Dádì bá ti ń sùn báyìí, mi ò ní dà wọ́n láàmú nípa ọsibítù mọ́. Bí mo bá dé lọ́dún yìí, èmi àti wọn á jọ lọ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìdáyátù kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. "Bàbá Nafisah, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Ẹ ò sùn. Èémí yín ń dá lóru. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ kí ọmọ já iṣẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ onílẹ̀ ni? Kó máa sunkún kiri? Ọlọ́run ló ń ṣọ́ mi. Má kó ìdààmú bá a."

Ìdáyátù dìde, ó bọ ẹ̀gbà náà sọ́wọ́.

Òru tó ṣáájú ìdájí tí kẹ́tù já bọ́ yẹn, Sàkáríyà ló jí i. Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú pẹ̀lú ti òsì. "Ìdáyá, ọwọ́ mi yìí dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́." Ìdáyátù wá ìpara gbígbóná, ó fi pa á títí. Ó ní kí àwọn pe takisí. Ọkọ ní rárá, pé òun kàn fi ara lé e ni, pé á lọ. Ó rẹ Ìdáyátù, ẹ̀gbà ń gbá a lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán wa wò, obìnrin náà tún sùn lọ. Ọkọ rẹ̀ jókòó sínú òkùnkùn títí tí wọ́n fi pe ìrun, ọwọ́ rẹ̀ ń kú lọ ní itan rẹ̀.

Jíjí tí Ìdáyátù jí fi ìpara pa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ náà ni Nafisah rí lórí fóònù tó pè ní jíjí díẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun, Ìdáyátù rí i pé ẹnu ọkọ òun tẹ̀ sápá kan díẹ̀. Ó ní kó má lọ síbi iṣẹ́. Sàkáríyà ní oníbàárà ń dúró de òun. Ó lọ.

Ìdáyátù ò tíì tú ẹrù tán ní Wuse nígbà tí Adéjùwọ́n pè é. Adéjùwọ́n ni wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan ti Sàkáríyà.

"Ìyá Nafisah, ẹ máa bọ̀ kíákíá. Bàbá ṣubú. A ti ń gbé wọn lọ sí ọsibítù."

Nígbà tí Ìdáyátù fi máa débẹ̀, wọ́n ti ya fọ́tò orí Sàkáríyà. Ó wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí aṣọ tó tutù. Dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìrètíolúwa ló ń tọ́jú rẹ̀.

"Mama, rọpárọsẹ̀ ló ṣe wọ́n," ni dókítà wí. "Ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan kan ní ọpọlọ wọn. Oògùn kan wà tó lè yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà, a sì ní in níbí. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ni a lè fún wọn. Bí ó bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ, ó sì lè pa wọ́n. Torí náà, ẹ sọ fún mi dájú: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Adéjùwọ́n ló kọ́kọ́ dáhùn. "Àárọ̀ yìí náà ni, Dókítà. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu wọn kàn wúwo díẹ̀, mo rò pé oorun ni."

Adéjùwọ́n ti fi fóònù Sàkáríyà pe Nafisah, ọmọ náà ń sunkún. "Dókítà, láti ìdájí òní ni! Dádì mi sùn dáadáa títí di àsùbá. Mo ní ẹ̀rí lórí fóònù mi. Ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní oògùn náà!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni dókítà wí. "A jẹ́ pé àsìkò ò tíì kọjá." Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ gbé oògùn náà wá."

Ìdáyátù dúró síbẹ̀. Ó wo nọ́ọ̀sì bó ṣe ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ojú náà ń wò ó, ó sì mọ ohun tó ń wí, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé: má sọ fún ọmọ. Títí dé orí ibùsùn ọsibítù, ohun kan náà ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

"Ẹ dúró!" ni Ìdáyátù ké. "Ẹ dúró, Dókítà! Kì í ṣe wọn ló sùn. Èmi ni."

"Mọ́mì, kí lẹ wí?" Ohùn Nafisah dún láti inú fóònù.

Ìdáyátù ká apá híjáàbù rẹ̀ sókè. Ẹ̀gbà náà wà níbẹ̀, ó ṣì ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

"Èmi ni mò ń bá wọn wọ̀ ọ́, Nafisah. Bàbá rẹ ò wọ̀ ọ́ rí. Òru ni ọwọ́ wọn ti kú, Dókítà. Òru gan-an, kí wọ́n tó pe ìrun rárá. Wọ́n jí mi, mo fi ìpara pa á, mo sì tún sùn."

Dókítà Ìrètíolúwa gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó gbé e sẹ́yìn.

"Mama, ẹ ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú báyìí," ló wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. "Ṣùgbọ́n àsìkò oògùn náà ti kọjá. Ká ní òru náà lẹ gbé wọn wá ni..."

Kò parí rẹ̀. Ìdáyátù ti jókòó sílẹ̀.

Sàkáríyà ò kú. Ọ̀rọ̀ ń padà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó wúwo, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè gbọ́ ọ. Ọwọ́ ọ̀tún ò padà. Ọwọ́ tó ń gé awọ, tó ń fa òwú le, itan rẹ̀ ló ń gbé e lé.

Alfa Jàbárù wá ṣàdúà fún un ní ọsibítù. Ìdáyátù fi ẹ̀gbà náà hàn án, ó bi í bóyá èèwọ̀ ni fún ọkùnrin. Alfa gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Èyí? Ṣebí ohun ìtọ́jú ara ni, bí aago. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ obìnrin. Kí ló dé tí wọn ò bi mí?"

Ìdáyátù gba ẹ̀gbà náà padà. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Kí wọ́n tó dá Sàkáríyà sílẹ̀, Dókítà Ìrètíolúwa pe Ìdáyátù jókòó.

"Dókítà, ẹ sọ fún mi," ni Ìdáyátù wí, "ṣé ẹ̀gbà yìí ló pa ọkọ mi lára?"

"Rárá, Mama. Irú ẹ̀gbà yìí máa ń mú ara àwọn kan rọlẹ̀, ẹ̀yin náà sì jẹ́rìí sí i. Àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe dókítà. Kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Kò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oorun tó sọ fún Nafisah, ó kàn ń fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Ká tiẹ̀ ní ọwọ́ Bàbá ló wà, a ṣì gbọ́dọ̀ rí wọn."

"Ìrònú àbúrò wọn ni gbogbo wa rò pé ó jẹ́."

"Ìrònú wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní wọ́n ń hanrun, èémí á dá, wọ́n á sì ta jí?"

"Lóròòru, Dókítà."

"Àìsàn nìyẹn náà. Ọ̀nà ọ̀fun ló ń dí lójú oorun. Ó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe oògùn níníra. Ìbòmú kan wà tí èèyàn ń dè mójú sùn, tí ẹ̀rọ kékeré á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ọ̀nà ọ̀fun má baà dí. Nǹkan wíwọ̀ ni òun náà."

"Nǹkan wíwọ̀," ni Ìdáyátù tún wí. Ó fi híjáàbù nu ojú.

Wọ́n ti padà sí Durumi báyìí. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Garki, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Ìbòmú wà lẹ́bàá ibùsùn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lórí tábìlì, ẹ̀gbà sì ti kúrò lọ́wọ́ Ìdáyátù. Ọwọ́ òsì Sàkáríyà ló wà, ọwọ́ tó ṣì lè mọ̀ ọ́n lára.

Nafisah ṣì ń pè ní ìdájí. Kì í pariwo ayọ̀ mọ́.

"Mọ́mì, Dádì ò sùn lánàá."

"Wọn ò sùn, ọmọ mi. Kàmọ́rù ni wọ́n ń sunkún rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ò ṣòro. Bí oorun bá dá lójú yín, tí ìrònú ò sì jẹ́ kí ara sinmi, kì í ṣe dandan kí ẹ sáré lọ ra oògùn oorun lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì. Ẹ̀gbà tó ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, aṣọ tí a fi ń bo ojú, ohun tí a fi ń dí etí nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn lè ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí láyà nítorí ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà léèrè kó tó wọ irú ẹ̀gbà yìí. Ẹni tí nǹkan wà fún ni kó wọ̀ ọ́, bí ẹ̀sìn tàbí ojútì bá sì mú yín lọ́wọ́ dúró, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ẹ má dá ara yín lóhùn.

Nǹkan wíwọ̀ kankan ò gbọdọ̀ gba ipò ọsibítù. Ẹ má tìtorí rẹ̀ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀. Ẹni tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dá lójú oorun, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ìbànújẹ́ ò jẹ́ kó sùn, ẹ jẹ́ kó rí ẹni sọ ọ́ fún. Bí ọwọ́ bá kú lójijì, tí ẹnu tẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ di wíwúwo, ẹ má pa ìpara, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọ yín bá sì pè láàárọ̀ ọ̀la, tó béèrè bí ẹ ṣe sùn, ẹ sọ òótọ́ fún un.